Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Orin Òde Tí A Gbà Sílẹ̀ Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Kásẹ́ẹ̀tì tó tà jù ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Tákìé kò ní fọ́tò lára. Kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní nọ́ńbà. Bírò la fi ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìwé pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀: orúkọ olórin, àdúgbò tí wọ́n ti ṣe ìnáwó, irú ìnáwó tó jẹ́, oṣù àti ọdún. "Òkú ìyá, Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, Dìsẹ́ńbà 1986, kásẹ́ẹ̀tì kejì." Ibi tí ẹ bá ti rí irú àkọlé bẹ́ẹ̀, live play nìyẹn. Orin tí olórin kọ lóde àríyá ni, tí ẹnìkan gbé rẹ́kọ́dà lọ gbà sílẹ̀, tí àwa náà wá ń dà á kọ fún ẹni tó bá fẹ́. Olórin kì í gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo rẹ̀ lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Mo kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù nínú rẹ̀, mo sì jẹun nídìí rẹ̀ kí ayé tó yí padà. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin wa a máa ka àwo tí olórin ṣe, wọ́n á tò ó lọ́dún dé ọdún. Wọn kì í ka tiwa mọ́ ọn. Èmi sì gbà pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe gbé ayé láàárín ìgbà tí owó epo dé àti ìgbà tí fóònù dé, inú kásẹ́ẹ̀tì aláìní-fọ́tò yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Ohùn Yorùbá ti ń wọ inú àwo tipẹ́. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin 43 sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Ṣùgbọ́n àwo ayé ìgbà náà kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Nígbà tí àwo ńlá dé lẹ́yìn náà, ojú kan gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú tó ẹni tó fẹ́ kọ orin kan kó sì jókòó. Kò tó onífújì, kò tó onídàdàkúàdà Ìlọrin, kò sì tó oníjàlá, nítorí ìjúbà wọn nìkan lè gba ìdajì rẹ̀. Ògúndáre Fóyánmu, oníjàlá ìlú wa, ṣe àwo tí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó tì í lóde rí mọ̀ pé ìtọ́wò ni tinú àwo.

Ẹ wo ohun tó bọ́ sọ nù kí rẹ́kọ́dà tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ pé ẹnu rẹ̀ dùn. Wọ́n pa á ní Ìbàdàn ní 15 January 1966. Odòlayé Àrẹ̀mú ará Ìlọrin fi orin rántí rẹ̀. Àwọn àgbà ilé wa náà a máa sọ àwàdà tó ṣe níbi ìnáwó báyìí báyìí, olúkúlùkù pẹ̀lú bó ṣe rántí tirẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé rẹ́kọ́dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí rédíò bá fi pamọ́ tàbí tí olórin bá gbé sórí àwo nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣẹ̀yìn ìrìn-àjò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣòwò ní Jos, ní Kano, ní Tamale àti káàkiri àríwá Ghana. Ọba Oyèwùmí Ajagungbadé III pàápàá, tó gorí ìtẹ́ Sọ̀ún ní 1973, oníṣòwò ni ní Jos kó tó jọba. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kó ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ ará wa sì padà wálé. Nígbà tó fi máa di 1975, owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sì di ohun tí olùkọ́ ilé-ìwé lè gbé sórí tábìlì nínú pálọ̀.

Ìlú tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn odi ni irú òwò yìí ti máa ń gbèrú. Ẹni tó wà ní Jos tí kò ráyè wálé síbi òkú bàbá rẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Àwọn àbúrò fi owó náà pe olórin. Olórin kì í, ó kì bàbá, ó kì ìyá, ó sọ fún gbogbo àwùjọ pé ẹni tó wà ní Jos ló náwó náà. Kí ló kù tí yóò fi gbọ́ ọ? Kásẹ́ẹ̀tì ni. Awakọ̀ tó bá ń gba Ìlọrin lọ sí òkè ni yóò bá wọn mú un lọ. Ní gáréèjì, ọ̀gá mi mọ awakọ̀ tí a lè fi kásẹ́ẹ̀tì rán láìjẹ́ pé ó gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí oòrùn yọ́ ọ. Àwọn awakọ̀ yìí náà ni wọ́n ń kó ti Èkó àti ti Ìbàdàn bọ̀ wá fún wa.

Ọ̀nà méjì la fi ń gba orin sílẹ̀ lóde. Èkíní, kí ènìyàn gbé rẹ́kọ́dà síwájú sípíkà, kó wà lókèèrè díẹ̀ kí ohùn má baà fọ́. Èkejì, kó fa wáyà láti inú mísà. Ẹni tó bá fẹ́ fa wáyà gbọ́dọ̀ bá ọmọ tó jókòó ti mísà ṣọ̀rẹ́, mọ́ọ́tì tútù méjì a sì máa bá irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn. Tinú mísà a máa mọ́ kedere, ohùn olórin á dà bíi pé ó wà nínú sitúdíò. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa fẹ́ràn ti iwájú sípíkà jù. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni bí àwọn obìnrin ṣe hó yèè nígbà tí wọ́n dárúkọ àwọn. Mísà kì í gbọ́ ìyẹn.

Kásẹ́ẹ̀tì C-60 gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, C-90 gba márùn-ún-dín-láàádọ́ta. Ẹni tí kò mọ̀ á sáré ra C-90. Téèpù rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti C-60 lọ, rẹ́kọ́dà tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gbó á sì hú u jẹ. Onífújì sì rèé, ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣà kó má dákẹ́ títí wọ́n á fi pe ìrun àárọ̀. Ìdààmú ńlá ni àtiyí ojú kásẹ́ẹ̀tì padà. Ó lè jẹ́ pé àsìkò tí olórin ń kì ẹni tó náwó jù ni ojú kan máa tán. Nítorí bẹ́ẹ̀, àgbà nínú iṣẹ́ a máa gbé rẹ́kọ́dà méjì lọ. Á tan èkíní, á jẹ́ kó ṣe bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tó tan èkejì. Bí ọ̀kan bá ń yíjú padà, èkejì ń gbà á lọ. Bátìrì la sì ń lò, a kì í gbọ́kàn lé iná ẹnikẹ́ni.

Èyí tí a bá gbà lóde ni à ń pè ní ìyá kásẹ́ẹ̀tì. A kì í ta ìyá. Inú àpótí onírin ni ọ̀gá mi ń kó wọn sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru. Kí a tó fi pamọ́, a ó kán eyín méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àṣìṣe gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Inú ẹ̀rọ alájàméjì la ti ń dà á kọ. Ọmọ tí a dà láti inú ìyá a máa mọ́. Ọmọ-ọmọ, ìyẹn èyí tí alágbàtà mìíràn rà lọ́wọ́ wa tó tún lọ dà kọ, a máa ní ariwo lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá fi di ìran kẹrin, ariwo yẹn á ti dà bí ẹni ń dín àkàrà, olórin á sì máa kọrin lẹ́yìn agbada. Síbẹ̀ wọ́n ń rà á.

Kí ni wọ́n ń rà? Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó yé mi pé kì í ṣe orin. Orin náà wà lórí àwo, ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju tiwa lọ. Orúkọ ni wọ́n ń rà.

Nínú àwo, olówó ńlá Èkó àti Ìbàdàn ni olórin ń kì. Lóde, ẹni tó bá dìde lẹ owó mọ́ ọn níwájú ni yóò kì, ìbáà ṣe aláǹgbá, ìbáà ṣe ọ̀nì. Gbogbo ẹni tí ìwé ìròyìn kò lè dárúkọ wọn láéláé ló wà níbẹ̀: ìyá oníṣu Ọjà Ìgbò, télọ̀ Ìjẹ̀rú, ọlọ́pàá tó fẹ̀yìntì, alájàpá káṣù. Olórin kò sì mọ̀ wọ́n rí. Ẹnìkan wà tó ń dúró tì í, ọmọ àdúgbò tó mọ ilé dé ilé, tó ń sọ ọ́ sí i létí: orúkọ ẹni tó ń bọ̀ yìí, orúkọ bàbá rẹ̀, agboolé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì. Bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa nínú ti iwájú sípíkà, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹni yẹn lẹ́yìn ti olórin, á ti sọ orúkọ náà tán kí olórin tó fi orin gbé e.

Bàbá kan wá bá wa lọ́jọ́ kan, alágbàṣe ilé kíkọ́ ni. Ó ní ibi tí wọ́n ti kì òun nìkan ni òun fẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó ní kí á dà á kọ léraléra títí tí ojú méjèèjì C-60 yóò fi kún. A ṣe é fún un. Mo ń gbọ́ orúkọ bàbá náà lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan wá tí wọ́n fẹ́ kí á yọ orúkọ ẹlòmíràn kúrò. Ìyálé kan fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ìnáwó ọkọ rẹ̀ láìsí ibi tí olórin ti kì ìyàwó. Ọ̀gá mi fi ọwọ́ lé bọ́tìnnì ìdádúró, ó ń dúró de ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u sílẹ̀, orin fò bíi pé olórin súfèé kan. Ìyàwó wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun kan náà ló bá wá, ti ìyálé ló fẹ́ kí á yọ. A ṣe ti òun náà. Ìyá kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú àpótí, àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìṣílé ni, ní Òkè Ẹlẹ́rìn. NEPA ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣeré. Ní nǹkan bí àárín ojú kejì, ẹ ó gbọ́ tí ohùn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó ń falẹ̀, lẹ́yìn náà máíkì kú pátápátá. Epo tán. Rẹ́kọ́dà wa, bátìrì ló ń lò, kò dákẹ́. Ẹnìkan pariwo pé kí wọ́n wá tọ́ọ̀ṣì. Gángan kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àwọn elégbè, olórin wá ń kọ láìsí ẹ̀rọ kankan, àwọn àlejò sì ń gbè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí tí ẹni tó lọ ra epo fi dé. Kò sí sitúdíò tí yóò jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ inú àwo.

Lẹ́yìn tí yunifásítì LAUTECH bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di oníbàárà wa. Ọ̀kan nínú wọn gbé kásẹ́ẹ̀tì Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin òyìnbó kan, wá kí á bá a dà á kọ. Bí mo ṣe gbọ́ ariwo èrò àti ìwúkọ́ ẹnìkan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́kọ́dà, mo ní, "Live play rèé!" Ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà ń jí orin òde gbà, mo sì ń bá ìwádìí náà lọ láti ìgbà náà. Ní 1969, àwo kan tí wọ́n ń pè ní Great White Wonder jáde ní Amẹ́ríkà, orin Bob Dylan ló kún inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Dylan kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní February 1972, Pink Floyd ṣeré ní Rainbow Theatre ní London, wọ́n kọ orin The Dark Side of the Moon tí wọn kò tíì gbé jáde. Ẹnìkan gbà á sílẹ̀. Ó ti di àwo, ó ti wà lọ́jà, kí àwo tí Pink Floyd fúnra wọn ṣe tó jáde ní March 1973. Ẹgbẹ́ King Crimson tilẹ̀ ṣe àwo kan ní 1972 tó ń jẹ́ Earthbound, láti inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti mú orin rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dára. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò.

Ohun tó so wá pọ̀ pẹ̀lú wọn ni pé orin tó gùn kò ṣeé há sínú àwo, àti pé eré òní kì í rí bí eré àná. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni pé òyìnbó tó ń ra ti King Crimson fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ta gìtá ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Tiwa, ẹni tó ń rà á wà nínú orin.

Àwọn olórin ńkọ́? Wọ́n mọ̀. Nígbà tí àwọn onífújì méjì, Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá, ń bá ara wọn fa wàhálà láyé 1980, kò sí ẹni tó ń dúró de àwo kó tó mọ ohun tí ọ̀kan sọ sí èkejì. Àwo á pẹ́ kó tó jáde, live play á dé Tákìé lọ́jọ́ Ajé. Owó àwo kọ́ ni olórin fi ń jẹun, òde ló ti ń pa owó. Kásẹ́ẹ̀tì wa ló ń sọ fún ọlọ́jọ́ ìbí Ògbómọ̀ṣọ́ pé bí ó bá pe lágbájá, báyìí ni yóò ṣe kì í. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin kan fúnra wọn ń gbà á sílẹ̀, wọ́n á sì tà á fún wa. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Grateful Dead ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1984 ni wọ́n ti ya ààyè sọ́tọ̀ ní gbọ̀ngàn eré wọn fún àwọn tó bá gbé rẹ́kọ́dà wá.

Mi ò sọ pé ọwọ́ wa mọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 1988 sọ ọ́ gbangba pé òṣèré ló ni àṣẹ lórí eré tó ṣe lójú àwùjọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Olè ni wá lójú òfin. Ṣùgbọ́n ẹ má da àwa àti àwọn tó ń da àwo tuntun kọ pọ̀. Àwọn yẹn, tí wọ́n ń mú kásẹ́ẹ̀tì tí olórin náwó sí, tí wọ́n ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò ayédèrú, oúnjẹ ẹnu olórin ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986 tí ohun èlò àtiṣe àwo gbówó lórí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà lára ohun tó lé àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńlá kúrò nílẹ̀ yìí. Tiwa kò bá àwo du ọjà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú àwo kankan.

Kọ̀mpátì àti VCD ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà memory card, lẹ́yìn náà fóònù. Ọ̀gá mi kó ẹ̀rọ rẹ̀ sílé, ó lọ ń ta ohun èlò iná. Lónìí, gbogbo àlejò ló ń gbé fóònù sókè níbi ìnáwó, orin tí a ń gbà sílẹ̀ ní òru kan ṣoṣo ju èyí tí a gbà ní odidi ọdún lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bírò níbẹ̀. Ẹni tó gbà á kò kọ àdúgbò, kò kọ irú ìnáwó, kò kọ ọdún, nígbà tí fóònù bá sì bàjẹ́, ó parí.

Ìyá kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà káàkiri ìlú, nínú àpótí, lábẹ́ ibùsùn, lórí àjà. Ọ̀rinrin ti mú òmíràn, téèpù òmíràn ti lẹ̀ mọ́ra. Kì í ṣe ohun tí a ò lè tún ṣe: tí téèpù bá já, a ó fi gọ́ọ̀mù téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, tí páálí bá fọ́, a ó kó o sínú páálí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Robert Fripp, olórí King Crimson, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn tó ń jí orin òde gbà jà, ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1998 tó ń gbé eré àtijọ́ wọn jáde fún àwọn olólùfẹ́, wọ́n sì lo èyí tí èrò ìwòran gbà sílẹ̀ níbi tí kò bá ti sí òmíràn. Àwọn ọmọ olórin wa lè ṣe irú rẹ̀, LAUTECH àti ààfin náà sì ní ibi tí wọ́n lè kó wọn sí.

Bí wọ́n bá bi mí pé èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ kọ̀ǹpútà, mi ò ní sọ pé ti olórin tó lókìkí jù. Ohùn olókìkí wà níbi púpọ̀. Èyí tí bírò ṣì hàn lára rẹ̀ ni kí wọ́n mú, tí àdúgbò àti ọdún rẹ̀ ṣeé kà. Kí wọ́n sì pe àgbà kan láti àdúgbò náà kó jókòó tì wọ́n, kó máa sọ ẹni tí wọ́n ń kì àti agboolé tó ti wá, kí ẹnìkan máa kọ ọ́ sílẹ̀. Olórin kò lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ìyẹn. Ẹni tó ń sọ ọ́ sí i létí ló mọ̀ wọ́n, àwọn bẹ́ẹ̀ tó ṣì wà láyé kò sì pọ̀ mọ́.